Àdírẹ́ẹ̀sì Kan ní Ìlúmọba

"Màmá, kọ̀ǹpútà ní ẹ ti kú."

Bámijókò kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn tún lè gbà sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan, ó ti sọ ọ́ fún èèyàn mẹ́rin, ó sì ti di ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ẹni ń sọ pé ìwé ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Obìnrin tó dúró sí ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ́ etí sílẹ̀.

"Ó ní mo ti ṣe kí ni?"

"Ẹ ti kú, mà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin."

Obìnrin náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ni ọlọ́kadà gbé wá láti Ìlúmọba láàárọ̀ yìí?" Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bámijókò náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé inú oṣù karùn-ún la wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín.

Grace lorúkọ obìnrin náà, Màmá Caleb ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Opó ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi gbálẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì rí mú bọ̀ níbẹ̀ kò ju eékún dídùn àti káàdì ìlera kan lọ. Ọ́fíìsì tí Bámijókò ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń bójú tó káàdì náà. Ẹni tó bá ní in yóò máa gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí oṣù kẹta tó parí, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò bá ṣe é, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti òkú, ilé ìwòsàn á rí i, oògùn á sì dúró.

"Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè fún òkú lóògùn," ni Màmá Caleb wí. Ó fa sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan yọ nínú ọ̀já rẹ̀. "Mẹ́jọ ló kù yìí. Mo ti ń dá a sí méjì, ìdajì láàárọ̀, ó di ọ̀túnla kí n tó lo ìdajì kejì. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù iwájú yín yìí fún mi, wọ́n ní wọ́n ń jí òkú níbẹ̀. Iye tí wọ́n pè, mi ò ní in."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣe àyẹ̀wò náà nígbà tí wọ́n ní kí ẹ ṣe é, mà?"

"A ṣe é, ọmọ mi. Gbogbo wa la ṣe é. Ọjọ́ ìpàdé àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kejì. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Tí a bá ti gbàdúrà ìparí, a ó tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jacob, òun nìkan ló ní kọ̀ǹpútà nílùú. Akọ̀wé wa á máa pe orúkọ, Jacob á máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn nínú wa á ti gbàgbé nọ́ńbà àṣírí wọn, Jacob á gbìyànjú títí á fi bọ́ sí i. Jacob ní gbogbo wa ti wọlé. Ìgbà tó di ọjọ́ kejì tó fẹ́ tẹ ìwé ẹ̀rí jáde fún wa, ẹ̀rọ yín ò dá a lóhùn mọ́. Títí di òní, kò dá a lóhùn."

Ọwọ́ Bámijókò dúró lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Nínú gbogbo ọ́fíìsì yẹn, òun nìkan ló máa ń dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Iṣẹ́ tó sì kọ́kọ́ máa ń ṣe kó tó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ ni pé kó ka orúkọ àwọn olè. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní àdírẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà gbọọrọ kan, èyí tó bá sì kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn á fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀. Àwọn kan á ti ilẹ̀ tí Bámijókò kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí lórí máàpù wá, wọ́n á gbìyànjú nọ́ńbà àṣírí ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á da lẹ́tà jìbìtì sínú àpótí lẹ́tà ọ́fíìsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bámijókò á mú àdírẹ́ẹ̀sì wọn, á tì í pa, á kọ ohun tó ṣe, á sì fi í ránṣẹ́ sí ìwé àwọn olè kan tí àwọn ọ́fíìsì káàkiri ayé ń kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn náà lè ti ilẹ̀kùn tiwọn. Ó ti fi àdírẹ́ẹ̀sì tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́. Wọ́n fún un ní ìwé ìyìn lórí rẹ̀, wọ́n fi gíláàsì bò ó, òun náà ló sì wà lókè orí rẹ̀ lára ògiri yẹn.

Ó rántí àdírẹ́ẹ̀sì oṣù kejì náà dáadáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, orúkọ arúgbó mẹ́tàlélọ́gọ́rin láàárín wákàtí méjì, àṣìṣe lórí àṣìṣe, ìgbìyànjú lórí ìgbìyànjú. Bí olè ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó pa gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ rẹ́, ó ti àdírẹ́ẹ̀sì náà pa, ó kọ ọ́ sínú ìwé ayé pé: "Ó ń fi orúkọ àwọn arúgbó jalè." Kò pe ẹnikẹ́ni láti béèrè. Ta ló ń pe olè lórí fóònù? Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó ra mọ́ọ̀tì tútù kan, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń mu ún, ó ń wo òkè Olósùnta.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ náà wò báyìí, tí Màmá Caleb sì ń wò ó láti òdìkejì. Orúkọ Grace wà níbẹ̀, orúkọ kẹtàdínlógún.

"Ẹ jókòó díẹ̀, mà," ló wí, ó gbé ìwé méjì, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá wọn kì í pariwo. Ó ka ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìsàlẹ̀.

"Ẹni mélòó?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rin, sà."

"Ta ló tì wọ́n mọ́ta?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló buwọ́ lu ìwé rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Tí àwọn ọ̀gá wa ní Adó bá béèrè, kí la fẹ́ sọ? Pé a rí àwọn arúgbó tó kóra jọ, a pè wọ́n lólè, a pa wọ́n?"

"Mo lè dá gbogbo wọn padà lónìí, sà. Ká sì ṣí àdírẹ́ẹ̀sì náà. Kò le."

"Mo mọ̀ pé kò le." Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí tábìlì. "Má dá ẹnì kankan padà láìsí ìbuwọ́lùwé mi. Ẹni tó bá wá, kó lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù pé òun wà láàyè. Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá lè dúró, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú."

Ìwé kejì ló wá dá lórí ṣọ́ọ̀bù iwájú náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bámijókò ti ń tọ ipasẹ̀ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Òun ló ń fi lẹ́tà jìbìtì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì pé orúkọ wọn ti jáde nínú ìwé òkú, kí wọ́n sáré wá sanwó kí wọ́n tó sin káàdì wọn. Òun náà ló ń fi nọ́ńbà àṣírí àwọn arúgbó gbá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bámijókò kọjá sí òdìkejì títì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì, ó fi fóònù rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ó wo nọ́ńbà tó jáde. Nọ́ńbà kan náà ni. Ìyàwó ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù náà.

Ọ̀gá ka ìyẹn náà tán. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀.

"Ṣé o ti fi èyí ránṣẹ́ síbi tí o máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí?"

"Rárá, sà. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi hàn yín."

"O káre." Ó mú bírò. "Ọmọbìnrin rẹ tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kí lo ní orúkọ rẹ̀ ń jẹ́?"

Ẹ gbọ́, ẹnikẹ́ni ò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ọn. Ó lè sọ pé kò sí ìdí fún ìyẹn, sà, kó sì jáde. Ọdún méjì ni ọmọ náà ti ń jókòó sílé, tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ọṣẹ.

"Olúwanífẹ́mi, sà," ni Bámijókò wí.

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ti Bámijókò, ó gbóná dé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó fi máa padà dé orí àga rẹ̀, ìtìjú náà ti lọ. Kò sí ohun kan tó rọ́pò rẹ̀. Ó sọ fún Màmá Caleb pé kó lọ sí kóòtù.

Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, ó sì di oṣù kẹjọ kí obìnrin náà tó padà dé. Ó mú ìwé kóòtù náà dání nínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á, ó sì gbé iṣu tuntun kan sábẹ́ apá. Bámijókò kò ṣàì rí i pé ó ti ń lo ọ̀pá, àti pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ọ̀tún kò tètè ń bá ti òsì lọ mọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó rí i. Mi ò ní bá a purọ́.

"Uṣu rè é," ni Màmá Caleb wí. "Gbé e lọ sí ulé fún ìyàwó rẹ. O ti ṣe wàhálà lórí mi."

"Mi ò tíì ṣe nǹkan kan, mà."

"O dá mi lóhùn. Àwọn tó kù ò wojú èèyàn."

Bámijókò ka ìwé náà. Wọ́n búra níbẹ̀ pé Grace, opó, ará Ìlúmọba, wà láàyè, ó sì dúró níwájú akọ̀wé kóòtù lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ṣí orúkọ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Pupa ni wọ́n fi ń kọ orúkọ òkú. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti rìnrìn àjò lọ sí Àbújá, àga rẹ̀ ṣófo, Bámijókò sì ń wo àga náà láti inú gíláàsì ilẹ̀kùn. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti dé ilé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olúwanífẹ́mi ti ra aṣọ funfun.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Tí ọ̀gá bá dé, wọ́n á buwọ́ lù ú. A ó pè yín."

"Oògùn mi ti tán o, ọmọ mi."

"A ó pè yín, mà."

Ó fi ìwé náà sínú fáìlì tí mọ́kànlá irú rẹ̀ ti wà. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gún iṣu náà. Iṣu gidi ni, kò ní kókó. Bámijókò jẹ ẹ́ yó, ó sì sùn dáadáa.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú dúró sójú fèrèsé náà. Èkó ló ti wá. Ó ní Caleb lorúkọ òun, ilé ìwòsàn ló ní kí òun wá dá káàdì màmá òun padà. Ó gbé káàdì náà sílẹ̀, ó gbé ìwé ẹ̀rí ikú tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ni Bámijókò wí.

"Ẹ ṣeun, sà."

Bámijókò tẹ ọjọ́ náà sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀.

"Kò gbà á," ló wí. "Ó ní wọ́n ti kú láti oṣù kẹrin."

"Oṣù kẹsàn-án ni. Ọwọ́ mi ni wọ́n kú sí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe." Ohùn Caleb kò ròkè. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ irọ́ sídìí orúkọ màmá mi."

Ọ̀nà kan péré ló wà. Ẹni tí yóò bá kú lóṣù kẹsàn-án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà láàyè. Bámijókò kò wo ẹ̀yìn, kò béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó jókòó sínú yàrá rẹ̀, kò wá ìbuwọ́lùwé kankan. Ó tẹ bọ́tìnnì náà. Orúkọ Grace kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ ewé. Ó kọ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án sí i, ó tún di pupa, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú ẹ̀rọ.

Caleb ti sún mọ́ fèrèsé, ó ti ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà látẹ̀ẹ̀kan.

"Ìgbà tó di àwọ̀ ewé yẹn, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Pé wọ́n wà láàyè."

"Ṣé ohun tí wọ́n ń wá béèrè níbí nìyẹn?"

"Òun ni."

Caleb wo aago ara ògiri, ó wo ìwé ìyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún wo aago náà. "Kò tó ìṣẹ́jú kan," ló wí.

"Kò tó o," ni Bámijókò dáhùn. Ó na ìwé náà sí i, ó na bírò tẹ̀ lé e. "Ẹ buwọ́ lùwé síbí."