Ìyá Kùdí Máàkì Ìwé

"Èmi ò lè máàkì í," ni Kùdírátù wí, ó sì ti bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ n sinmi. Orí mi ò gba ìwé, ó tán."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"JAMB ló sọ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ kúkú ni. Nínú irínwó máàkì, ọgọ́jọ ó lé mẹ́jọ ni wọ́n fún un ní ọdún 1982, nígbà tí Péjú, tó máa ń yọjú wo ìwé rẹ̀ ní kíláàsì, ti wọ yunifásítì. Ẹ ò rí ayé! Bàbá rẹ̀, Sàlàhúdíìnì tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, kò bá a jà. Ó ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré; bí kò bá yege, kó gbàgbé iṣẹ́ oògùn òyìnbó tó ń lá lálàá, kó wá jókòó ti ìsọ̀. Ìdánwò náà ku ọjọ́ mẹ́ta.

"Mú un wá," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó nu ẹ̀kọ láfún ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Èmi á bá ọ máàkì í."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Kùdírátù. Ìyá rẹ̀ yìí kò jókòó ní kíláàsì rí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀: yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, yóò fi fa ìlà sára aṣọ funfun, kó tó rì í sínú aró.

"Ìyá mi, ẹ ò mọ̀wé kà."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ kà á ni? Ìdáhùn tiwọn dà? Tìrẹ dà? Èyí tó bá jọra, ó gbà á. Èyí tí ò bá jọra, mo fa igi lé e. Kí ló tún kù?"

Kùdírátù ṣí ẹ̀yìn ìwé ìbéèrè àtijọ́ fún un, ó tẹ́ bébà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn A, B, C, D àti E tó kọ ní títò. Ó wá kọjú sí ògiri.

"Èyí jọra. Èyí náà jọra. Ó jọra." Nígbà tó yá, ohùn ìyá rẹ̀ wálẹ̀. "Kò jọra. Kò jọra. Kò jọra." Omijé ti ń bọ́ lójú ọmọ.

"Dúró ná. Kùdí, wá wo nǹkan."

"Mo ti mọ̀, Ìyá mi."

"O ò mọ nǹkan kan! Mo ní kó o wá." Ó gbé ìka tó ti dúdú fún aró lé bébà náà. "Láti ibí lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan náà ni tìrẹ àti tiwọn. Tìrẹ kàn fi ìlà kan sún sókè ni. Bí mo bá fo ìlà kan lórí aṣọ, bó ṣe máa ń rí nìyí. Iṣẹ́ náà dáa, kò kàn sí ní ààyè rẹ̀ ni."

Kùdírátù sún mọ́ ọn. Ìbéèrè kejìlá le, ó fò ó. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìkẹtàlá ló kọ sórí ìlà ìkejìlá, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e sì bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó rántí ìdánwò ọdún tó kọjá, bí ààyè ṣe ṣẹ́ kù fún un nísàlẹ̀ bébà lẹ́yìn tó dáhùn tán, tó sì kàn méfò dí i. Yéè!

Wọ́n jọ tún un kà. Nínú àádọ́ta, mẹ́tàlélógójì ló gbà.

Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. "Ìyá mi, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ o. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi san án."

"Ọlọ́hun ni kó o dúpẹ́ fún. Dìde jàre, o fẹ́ da ẹ̀kọ mi nù!" Ṣùgbọ́n òun náà ń nu ojú.

Bàbá ti ìrun Alásàrì dé, ó bá ìyá àti ọmọ lẹ́nu ẹkún òun ẹ̀rín.

"Bàbá, mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé," ni Kùdírátù wí. "Wọ́n ti bá mi rí àṣìṣe mi." Ó fi bébà náà hàn án, ó ṣàlàyé.

Sàlàhúdíìnì wò ó títí. "Alihamdulilahi. Tíṣà wo ló rí èyí? Ó yẹ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Kùdírátù na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí aṣọ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀.

"Tíṣà," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, "a dúpẹ́ o."