Àwọn Àlejò Ara Ọkọ̀ Bàbá Mi

Àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi kọ́ ni mo lá a o. Oyèkúnlé ọkọ mi ló lá a ní ìdájí òní, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fa á. Bàbá mi rìnrìn àjò, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ funfun báláú sí wa lọ́wọ́, òní ló sì ní òun ń bọ̀ wá gbé e. Bàbá mi fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju àwa ọmọ rẹ̀ lọ, mi ò purọ́. Àná ni Oyèkúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹjú mọ́ ọn, ló bá rí i pé àwọn èérún pupa bí ìpẹtà ti ta sí i lára láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Ó ní wẹ́dà tó ń lọ irin níwájú ilé wa ni, pé èérún irin rẹ̀ ló ń fò wá bà lé e. Ó fọ̀ ọ́ títí, kò kúrò. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Bàbá?" ló ń wí ṣáá tí oorun fi gbé e lọ.

Ó ní nínú àlá, òun tún ń fọ ọkọ̀ náà. Bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, òun rí i pé èérún kọ̀ọ̀kan jókòó sórí àpótí tirẹ̀, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ẹlòmíì á figbe ta. Ńṣe ni ọkọ tèmi kí wọn!

"Ẹ kú ìjókòó o."

"Òo, a dúpẹ́," àgbà inú wọn dáhùn. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣé omi wà nílé?"

Ó kúkú lọ bu omi wá. Omi! Fún irin! Wọ́n mu ún, ikùn wọn yọ, wọ́n sì tún pọ́n sí i. Ó ní òun ṣì ń bi wọ́n bóyá kí òun bù sí i.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti fi ohùn ìyá mi sọ̀rọ̀: "Oyèkúnlé, ọkọ mi ń bọ̀ láàárọ̀ o. Kí lo fẹ́ sọ fún un?"

Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀. Nígbà tó dìde, garawa omi ti di àtẹ̀gùn. Ó gùn ún, ó bá ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó léfòó sókè òrùlé wa. Okùn tí mò ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ohun tó ń dùn ún ni pé aṣọ mi ò tíì gbẹ. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù, tó so táì, jókòó síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi lé àwọn kan kúrò lára ọkọ̀ àna mi."

"Ṣé o kí wọn?"

"Mo kí wọn, sà."

"O fún wọn lómi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àlejò ni wọ́n nìyẹn! Ta ló kọ́ ọ pé kànrìnkàn ni wọ́n fi ń bó àlejò?"

Bí ọ̀gá ṣe ń bínú ni irùngbọ̀n ń yọ, ni ìwo ń yọ. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ táì ọrùn ara rẹ̀. Oyèkúnlé ò yé pè é ní sà. Ó ní bóyá àkókò oúnjẹ rẹ̀ ló tó. Ó dúró títí òbúkọ fi jẹ táì náà tán.

"Wọn kì í lé àlejò," òbúkọ wí. "Sísìn ni wọ́n ń sìn ín sọ́nà. Mẹ̀ẹ̀."

Kí Oyèkúnlé tó dúpẹ́ tán, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ẹ bá wa kí ará ilé o." Ojú ti àwọn èérún. Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ mọ́ tónítóní, inú ọkọ mi dùn débi pé ó ń sunkún. Ó sìn wọ́n dé oríta. Bó ṣe fẹ́ yí padà ni àgbà inú wọn ní, "Háà, kò dáa kí ìwọ nìkan padà. A ó sìn ọ́ délé."

Báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀ fún àgbà? Wọ́n sìn ín délé. Òun náà ní kò yẹ kí wọ́n dá lọ, ó tún sìn wọ́n dé oríta. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ilẹ̀ ń mọ́ lọ, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì délé, wọ́n á jókòó sára ọkọ̀ sinmi díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ta jí, òógùn bò ó.

Bó ṣe ń rò ó fún mi lọ́wọ́ ni a gbọ́ ikọ́ bàbá mi níta. Yéè! Oyèkúnlé sáré jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó nà gbalaja síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Bàbá, ẹ forí jì mí." Èmi náà kúnlẹ̀ tì í, nítorí mo mọ bàbá mi. Ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha ara ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Háà, Oyèkúnlé, wọn ò tíì lọ? Wọ́n ti wà lára rẹ̀ kí n tó gbé e wá fún yín. Mo ṣebí bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá bá mi wá ọgbọ́n dá sí i."