Pápá Tó Ṣófo

Ojoojúmọ́ ni Tìmílẹ́hìn ọmọ mi ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé wa ní Becontree Heath nílùú òyìnbó, tí ó ń ka táǹkì ogun. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ló fi ń kà á: pápá ńlá kan ní Rọ́ṣíà tí wọ́n kó táǹkì àtijọ́ pamọ́ sí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ iye tó kù.

"Mummy, tí pápá yìí bá ṣófo, ogun tí Rọ́ṣíà ń jà yìí ò ní pẹ́ parí."

Ohun tó sọ fún mi nìyẹn o! Ṣé mo wá lè dákẹ́? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbààwẹ̀, mo tan àbẹ́là, mo ní kí Olúwa kó gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Lánàá, àwòrán tuntun dé. Pápá ti ṣófo! Mo pariwo halelúyà, mo pe wòlíì ìjọ wa lórí fóònù. Tìmílẹ́hìn ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ipa àwọn táǹkì náà nínú yìnyín. Gbogbo rẹ̀ dorí kọ ojú irin.

"Wọ́n ń kó wọn lọ tún ṣe ni. Láti ibẹ̀, ó di ojú ogun. Èèyàn mẹ́ta ló ń wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Irin lásán ni mo pè é!"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Mummy."

Láàárọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ní kí n jáde wá jẹ́rìí. Mo dìde nínú sùtánà mi, mo rìn lọ síwájú. Ìjọ ti ń pàtẹ́wọ́.

"Màmá Tìmílẹ́hìn," wòlíì ń rẹ́rìn-ín, "ẹ sọ fún wa, kí ni Olúwa bá yín kó lọ?"