Òrùlé Ilé-Ìwé Abà Olósàn

Oṣù mọ́kànlá péré ló kù kí Kúlúsúmù Àyàndá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà tí ìjọba gbé owó àtúnṣe kalẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé oko. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Abà Olósàn, nínú oko lẹ́yìn Sekona. Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Tíṣà méjì ni wọ́n, òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Roqeebah. Láti Ẹdẹ ni àwọn méjèèjì ti ń gun ọ̀kadà wá láràárọ̀.

Káfíńtà kan tó ń jẹ́ Mansur ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó kun iwájú ilé lọ́dà, ó kan páànù tuntun mọ́ igi àtijọ́, ó sì palẹ̀ mọ́. Nígbà tó lọ tán, Ògúndáre, àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé-ìwé, gun òkè àjà lọ wò ó. Ó ti ọ̀bẹ bọ igi, ọ̀bẹ wọlé bí ẹni ti ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ.

"Ìyá, ikán ti jẹ igi yìí tán," ló wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ ẹ̀ o."

Lọ́jọ́ kejì ni Mansur gbé ìwé dé.

"Ìyá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí."

"Ikán wà nínú igi. Iṣẹ́ ò tíì parí."

Mansur rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Màá sọ fún wọn pé ọ̀gá ilé-ìwé kọ iṣẹ́. Àbí ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ń wá ilé-ìwé kéékèèké tí wọ́n máa tì? Àwọn ọmọ yín á máa rìn lọ sí Sekona nìyẹn."

Kúlúsúmù mọ ọ̀nà Sekona. Títì ńlá ni, tírélà kì í sì í dúró de ọmọdé. Ó tún rántí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, àti bí lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe lè dá a dúró sí ọ́fíìsì fún ọdún gbọọrọ. Ó gba ìwé náà. Ó fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ẹyẹ bá bà sórí páànù, àyà rẹ̀ á já. Bí igi bá dún nínú oòrùn, á dákẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́, á gbójú sókè. Ó ní kí wọ́n sún gbogbo bẹ́ńṣì sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Mà, kí lẹ ń wò lókè ṣáá?" Roqeebah bi í.

"Alángbá ni," ló dáhùn.

Ní ọjọ́rú kan, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, òjò ṣú láti ìhà odò Ọ̀ṣun. Afẹ́fẹ́ dé ṣáájú òjò. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, igi kan sì dún "kàù!" lókè. Eruku igi dà sórí àwọn ọmọ.

"Ẹ jáde!" Kúlúsúmù kígbe. "Gbogbo yín, ẹ sáré lọ sílé Ògúndáre!"

Eré làwọn ọmọ kọ́kọ́ pè é, wọ́n ń pariwo bí wọ́n ti ń sá nínú òjò. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ògúndáre ni Roqeebah ti kà wọ́n. Ó tún wọn kà.

"Mà, méjìléláàádọ́ta ni. Morónkẹ́ ni ò sí níbí."

Morónkẹ́, ọmọ Ògúndáre. Baba rẹ̀ wà lóko. Kúlúsúmù yí padà, ó sáré débi tí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó rí ọmọ náà tó dojú bolẹ̀ sábẹ́ bẹ́ńṣì tó kángun sí ògiri.

"Morónkẹ́, jáde!"

"Mà, ẹsẹ̀ bàtà mi kan ni mi ò rí."

Kúlúsúmù fẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó rí igi òkè tó ń tẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ọn. Ọmọ ẹlòmíràn wà nínú ilé, òun sì dúró síta. Igbe nìkan ló lè ké. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo ojú tíṣà rẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀ sì dẹ́rù bà á ju òjò lọ. Ó fi bàtà sílẹ̀, ó gba abẹ́ apá Kúlúsúmù sá jáde. Wọn ò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí òrùlé fi wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí Ògúndáre ti oko dé, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ti gba ọmọ mi là!"

"Ògúndáre, dìde. Mi ò wọlé lọ mú un. Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i pé ilé yẹn dára."

"Lẹ́yìn tí mo ti sọ fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò bú u. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, Kúlúsúmù lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹdẹ, ó ro ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì gbé kálámù sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀ rò ó o. Ọmọ kankan ò fara pa. A lè kọ ọ́ pé ìjì ló gbé e."

Kúlúsúmù mọ̀ pé tóun bá ti lè sọ "ó dáa", òun á lọ sílé láìsí wàhálà kankan.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí," ló wí.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ní kó lọ jókòó sílé. Ní gbogbo àkókò náà, bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ilé, á rò pé lẹ́tà ni wọ́n mú wá, pé wọ́n ti ti ilé-ìwé náà nítorí ẹnu òun. Wọn ò tì í. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ògúndáre ni Roqeebah ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìjọba gba owó padà lọ́wọ́ Mansur, wọ́n gbé iṣẹ́ fún káfíńtà mìíràn, irin ni ó sì fi gbé òrùlé ró lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́tà wá dé lóòótọ́: kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Abà Olósàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Roqeebah ni wọ́n fi síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà, ọmọbìnrin náà sáré pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Kúlúsúmù dì í mú.

"Ọ̀gá," ló wí, "kíláàsì wo lẹ fẹ́ kí n mú?"

Roqeebah bú sẹ́kún. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí yàrá àwọn ọmọ kíláàsì kejì, Kúlúsúmù sì gbé ẹfun ìkọ̀wé, ó wọlé lọ.