Ìwé Ìṣirò Jẹ́láàní

Honoré Fáwùmí kò purọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kò purọ́, ó kàn dákẹ́ ni.

Ọdún kẹta tí Dàhòmì gba òmìnira ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Honoré, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba díplómà, wọ́n sì gbé e wá sí Tchaada láti máa kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ méjì ló bá nítòsí. Scholastique wà ní Ifangni, obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Jẹ́láàní Sàlámì, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ràfátù, wà ní Ko-Koumolou. Jẹ́láàní kò ní díplómà kankan. Nígbà tí olùkọ́ ṣọ̀wọ́n ni wọ́n gbà á sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti ṣe é fún ọdún mẹ́rìnlá.

Ohun ìkọ́ni tí ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kò tó nǹkan. Kọ́ńpáàsì onígi ńlá kan ṣoṣo ló wà, èyí tí wọ́n fi ń ya òbìrìkítí sójú pátákó. Ìwọ̀n irin tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní kílò àti gíráàmù, àpótí kan ṣoṣo náà ni, méjì sì ti sọnù nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí Ọjọ́bọ̀ bá dé, tí kò sí ilé-ìwé, àwọn ọkùnrin méjèèjì á gun kẹ̀kẹ́ wá sí kíláàsì Scholastique. Wọ́n á kọ́kọ́ yanjú ẹni tí yóò gbé kọ́ńpáàsì lọ lọ́sẹ̀ náà àti ẹni tí yóò gbé ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà wọ́n á há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, wọ́n á máa da ìṣirò kọ.

Jẹ́láàní ló ni ìṣirò tí wọ́n ń dà kọ. Nínú ìwé tó ti ìlú Faransé wá, ẹ̀rọ omi méjì ló máa ń da omi sínú ọpọ́n ìwẹ̀ kan, tí omi náà sì máa ń jò lọ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Ko-Koumolou máa ń béèrè ìdí tí onílé kò fi dí ihò náà. Ni Jẹ́láàní bá ra kàyé tó nípọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Obìnrin kan ra aṣọ ní ọ̀pá-ọ̀pá lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, ó ń tà á ní mítà-mítà ní Ifangni; mítà mélòó ló kù fún un? Àgbẹ̀ kan ní epo ní lítà, garawa tí oníbàárà rẹ̀ gbé wá sì jẹ́ ti gálọ́ọ̀nù. Garawa mélòó ni epo náà yóò kún? Ìṣirò bẹ́ẹ̀ lé ní igba nínú kàyé náà. Ó fi tàdáà pupa kọ ìdáhùn wọn sẹ́yìn, ó sì kọ ibi tí ọmọ ti lè ṣìnà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lóṣù kejì ọdún ni ọ̀gá tó ń bẹ ilé-ìwé wò já wọlé sí Tchaada láìròtẹ́lẹ̀. Ìṣirò aṣọ ni Honoré ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń dáhùn láìbẹ̀rù, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ rí pàápàá nawọ́ sókè. Ọ̀gá náà mú kàyé orí tábìlì, èyí tí Honoré fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ. Ó ṣí i, ó kà á, ó tún ṣí i.

"Alors, ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?"

Orúkọ Jẹ́láàní wà lẹ́nu Honoré. Àmọ́ ọ̀gá náà ti ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn ọmọ sì ń wò ó.

"Nítorí àwọn ọmọ ni, Monsieur l'Inspecteur," ló wí.

Ọ̀gá náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Honoré sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kó tó lọ òun yóò sọ fún un. Ó sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó bá a pa ilẹ̀kùn dé, ọkọ̀ sì lọ.

Lẹ́yìn Àjíǹde, lẹ́tà méjì dé lọ́sẹ̀ kan náà. Honoré ni wọ́n ń gbé lọ sí Àjàṣẹ́, olú-ìlú Dàhòmì, láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn, nítorí ìwé ìṣirò tó ṣe. Lẹ́tà kejì sọ pé olùkọ́ tí kò ní díplómà, tí kò sì ní iṣẹ́ pàtàkì kan tó ṣe, yóò fiṣẹ́ sílẹ̀ bí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí. Jẹ́láàní ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́bọ̀, Scholastique ka méjèèjì, ó kó wọn sórí tábìlì.

"Ìwé ìṣirò wo lo ṣe, Honoré?"

Honoré kò lè gbójú sókè. Jẹ́láàní ti mọ̀.

"Ṣé ọ̀gá náà bi ọ́ léèrè ẹni tó ni ín?" ló béèrè.

"Ó bi mí."

"Kí lo wí?"

"N kò dárúkọ yín, Bàbá Ràfátù."

Jẹ́láàní mi orí. "Bon, ó dáa," ló wí. Ó dìde, ó gbé kọ́ńpáàsì. "Èmi ló kàn lọ́sẹ̀ yìí. Òbìrìkítí kò tíì yé àwọn ọmọ mi dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, Honoré gun kẹ̀kẹ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá náà ní Àjàṣẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀gá náà dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí orúkọ àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá tú ọ̀rọ̀ yìí síta, ìwọ náà yóò lọ, kì í ṣe pé òun yóò padà. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Honoré lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ọ̀nà títí dé Àjàṣẹ́, ohun tó ti pinnu láti sọ nìyẹn. Ó wo ilẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Kò yà nílé, Ko-Koumolou ló gbà lọ tààrà. Fàtímọ̀, ìyàwó Jẹ́láàní, ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Ó kí Honoré bí ó ti máa ń kí i, ó sì gbé àga fún un. Èyí dùn ún ju kí ó lé e lọ. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún Jẹ́láàní láìfi ohunkóhun pamọ́, títí kan bí ó ṣe tún dákẹ́ níwájú ọ̀gá náà.

"Ẹ ń bínú sí mi," ló fi parí rẹ̀.

"Mo ń bínú. Ọdún mẹ́rìnlá, Honoré." Jẹ́láàní wọlé, ó mú kàyé rẹ̀ jáde. "Àmọ́ ìdánwò ku oṣù kan ààbọ̀. Ibo lo dà á kọ dé?"

Honoré jókòó níbẹ̀, ó ń dà á kọ. Ojú rẹ̀ kò rí ìlà tó ń kọ sí dáadáa. Jẹ́láàní jókòó tì í, ó ń ka nọ́ńbà fún un kí ó má baà ṣì í.

Mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ mẹ́tàlá tí Jẹ́láàní fà kalẹ̀ ló yege. Lóṣù keje, ó kó Fàtímọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sọdá bodè lọ sí oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò yà kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Honoré ti wà ní Àjàṣẹ́ nígbà tí lẹ́tà Scholastique dé lóṣù kọkànlá. Ìlà mẹ́rin péré ni. Wọn kò rán olùkọ́ kankan sí Ko-Koumolou. Àwọn ọmọ ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá sí Ifangni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ wọn bá àwọn òbí wọn lọ sóko. Àwọn tó kù mú kí ọmọ kíláàsì òun di mọ́kànlélọ́gọ́rin. Kò béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Honoré kọ èsì, ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún kọ òmíràn. Ọdún yí po, Scholastique kò kọ̀wé sí i mọ́.