Ènì Bàbá Oníbúrẹ́dì

Nígbà náà, ilé búrẹ́dì kan wà ní ìkángun òpópónà wa, tí òórùn rẹ̀ máa ń jí ènìyàn ṣáájú àkùkọ. Bàbá tó ni ín kò mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní nǹkan ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá ra búrẹ́dì méjìlá lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́tàlá ni yóò gbé lọ. Ó ní ọjà tí kò lénì, bí ìkíni tí kò lẹ́rìn-ín ni.

Ọdún tí jẹjẹrẹ ìfun pa ẹ̀gbọ́n Bàbá, ìyàwó Bàbá kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Odindi ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n fi ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tó ń pè é ní jẹ̀dí lásán, títí ẹ̀pa ò fi bóró mọ́. Ìyàwó ní kí Bàbá lọ ṣàyẹ̀wò. Bàbá ní ara òun le koko. Ìyàwó ní ara ẹ̀gbọ́n náà le. Ohun tó ń ba Bàbá lẹ́rù gan-an, kò lè sọ ọ́ síta: bí wọ́n bá wá a, wọ́n lè rí i.

Nígbà tó yá, ó lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìgò kan tí kò ju ìka lọ, tí igi tín-ín-rín wà lára ìdérí rẹ̀. Ó ní kó fi igi náà ha ìgbẹ́ díẹ̀, kó dá a padà sínú ìgò, ó parí. Bàbá gbọ́ ọ yékéyéké. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó wo bíńtín tó wà lórí igi, ojú tì í. Ó di ìgò náà kún dé ẹnu, ó wá ike bọ́tà kan, ó di ìyókù sínú rẹ̀, ó kó méjèèjì sínú páálí búrẹ́dì, ó fi okùn dì í bíi ti oníbàárà pàtàkì.

Ta ni kò mọ páálí Bàbá? Bó ti gbé e kalẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń dúpẹ́, ó ní ebi tiẹ̀ ń pa àwọn, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tú okùn.

Gbogbo wọn fọwọ́ dímú.

“Bàbá, kí lèyí?”

“Ti inú ìgò ni tiyín. Ti inú ike yẹn, ènì ni.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bó bá ti pọ̀ jù, àyẹ̀wò ò ní ṣeé ṣe, ó sì fún un ní ìgò mìíràn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ bá wa ya ahun.”

Bàbá ya ahun. Èsì dé: ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí ojú lásán ò lè rí. Wọ́n ní kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ dandan, àmọ́ àwọn gbọ́dọ̀ ti okùn oníkámẹ́rà gba ìdí wo inú ìfun. Oògùn ìfọ̀nú tó mu lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀ sọ ọ́ di eléré ìje. Ìyàwó gbé àga fún un sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́, kò ráyè jókòó lórí rẹ̀.

Dókítà rí kókó kékeré kan, ó gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n sọ fún tọkọtaya náà pé kókó ọ̀hún kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ. Ìyàwó bú sẹ́kún. Bàbá dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ onígbàjámọ̀ lọ, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ní òun ò dìde àfi tí wọ́n bá jọ lọ sílé ìwòsàn.

Àbúrò ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò síbi kankan tó ń dùn mí.”

“Èmi náà, kò dùn mí.”

Àbúrò gbé abẹ kalẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.