Orúkọ Bàbá Ọkọ

Bàbá Akínjídé ṣì wà láyé nígbà yẹn, ojú rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣe bàìbàì. Ìyá ilé ti kú. Kingsley tó tẹ̀ lé Akínjídé ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, Theresa àbígbẹ̀yìn ló wà nílé ní Ùso, òun àti Fúnmiọlá ìyàwó Akínjídé ni wọ́n jọ ń tọ́jú Bàbá. Inú pálọ̀ ilé yẹn ni Fúnmiọlá dúró sí lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, fóònù létí, tí ọkọ rẹ̀ ń bínú sí i láti Kánádà.

Físà tí ìyàwó fẹ́ fi lọ bẹ̀ ẹ́ wò ni wọn kò tún fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní tó bá débẹ̀ kò ní padà wálé. Akínjídé kó ìwé iṣẹ́, ìwé ilé, fọ́tò ìgbéyàwó, ó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, wọ́n pe Fúnmiọlá sí Èkó, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n ní kò jọ aya rẹ̀ lójú àwọn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Akínjídé kí ọdún tó parí, kò sì sẹ́ni tó máa dúró tì í.

"Àwọn arúgbó wọn ni mò ń wẹ̀ fún, tí mò ń fún lóúnjẹ níbí," Akínjídé ní. "Ìyàwó tèmi ò wá lè bu omi fún mi. Kí ni wọ́n bi ẹ́ gan-an?"

Ó ní wọ́n béèrè orúkọ bàbá ọkọ òun, òun ní Bàbá wa. Wọ́n béèrè tàwọn àbúrò ọkọ, òun ní Akọ̀wé àti Ìdílẹ̀kẹ̀.

"Ṣé o ò mọ orúkọ wọn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dí ẹ lẹ́nu? Ìwọ tíṣà."

"Ẹnu mi ò gbà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ mi wọlé yín, mi ò pè é rí."

Akínjídé pa fóònù.

Bàbá ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti orí àga rẹ̀. "Ìyàwó, wá. Kí lorúkọ mi?"

Fúnmiọlá kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní Bàbá wa ni.

Theresa rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Ẹ fẹ́ kí ó bú yín ni, Bàbá?"

"Ọmọ mi ló fẹ́ bọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ, kì í ṣe orúkọ mi. Pè mí."

Ó pẹ́ kí ó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́ ni. "Oyèníyì."

"Òo," Bàbá dáhùn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbé ògì àárọ̀ fún un, á pè é lẹ́ẹ̀kan, Bàbá á jẹ́ ẹ. Theresa á ní ó ti di ẹgbẹ́ Bàbá. Wọ́n tún ìwé kọ, wọ́n tún pè é sí Èkó, ó ka orúkọ gbogbo wọn láìfọwọ́ bojú. Físà jáde ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa la Akínjídé.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó gbé ògì wọlé láti dágbére. Ó kí Bàbá, Bàbá ò dáhùn. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù.

"Oyèníyì," ló pè. Ó dúró.

Theresa bú sẹ́kún, ó gbé fóònù láti pe Akínjídé. Fúnmiọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ tán ná kó tó gbọ́. Theresa bi í pé kí ni ẹbí máa wí, ìyàwó tí kò dúró de òkú bàbá ọkọ.

"Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n wí, Ìdílẹ̀kẹ̀. Tí ọkọ mi bá béèrè Bàbá, màá ní Bàbá ló ní kí n máa bọ̀."

Theresa nu ojú, ó gbé báàgì ìyàwó jáde sí títì Àkúrẹ́. Ọjọ́ tí Bàbá kú nìyẹn.